Ṣé kí n padà sí pákò tí màmá mi lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní èrìgì mi bí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, pàápàá lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, débi pé n kì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ mọ́. Ẹnu mi tún ń rùn díẹ̀. Màmá mi tí wọ́n dolóògbé ní èṣí kò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹnu rí. Pákò ni wọ́n lò títí wọ́n fi di ẹni ọdún 83, eyín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìdì pákò wọn tó kù ṣì wà lójú fèrèsé yàrá wọn. Èmi ẹni ọdún 46 tí mò ń lo búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ń ta sánsán ni eyín ń dà láàmú. Ṣé kí n padà sí pákò ni? Kí ni kí n máa jẹ, kí sì ni kí n yé jẹ? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Ẹ sì kú ìnáwó màmá. Ẹ̀yìn wọn á dáa.

Kí n tó dé orí pákò, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó kọ mí lóminú jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ẹ kì í jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kan apá ọ̀tún nísàlẹ̀ mọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ní láti fọ̀ jù. Àfi bí búrọ́ọ̀ṣì yín bá le bí ìgbálẹ̀, òun kọ́ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ìdọ̀tí tó ti jókòó pẹ́ sí ẹsẹ̀ eyín ni. Bí ẹ ṣe ń sá fún ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń ráyè sí i, bó ṣe ń ráyè sí i ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, bí ẹ̀jẹ̀ sì ṣe ń pọ̀ ni ẹ tún ń sá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́rin ṣe pé.

Ìdọ̀tí wo? Bí ẹ bá jí lọ́la, kí ẹ tó bu omi sẹ́nu, ẹ fi ahọ́n ra eyín yín. Ẹ ó rí i pé nǹkan kan ń yọ̀ lára rẹ̀ bí ara àrọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n ń pọ ohun kan tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá láti fi lẹ ara wọn mọ́ eyín. Bí a bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, wẹ́rẹ́ ló ń kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn inú itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ ń họ ìpẹ́ ẹja mọ bó ṣe ń rí: ìpẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ pátákó, omi lásán ló máa ṣí i bó bá ṣì tutù, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ìrọ̀lẹ́, ọ̀bẹ ni ẹ ó fi wá a. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ti ń tètè le jù, torí pé abẹ́ ahọ́n níbẹ̀ ni ojú ìsun itọ́ wà. Ẹ fi ahọ́n kàn án. Bó bá ń ha ahọ́n níbẹ̀, ó ti le nìyẹn.

Èrìgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìdọ̀tí yìí kì í gbà láìjà. Ara á rọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ láti fi kojú àwọn kòkòrò náà. Èrìgì á pọ́n, á wú, awọ rẹ̀ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, búrọ́ọ̀ṣì á fara kàn án díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé. Òórùn tí ẹ sọ náà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ní ìlú Aarhus, ní Denmark, bẹ èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá pé kí wọ́n má fọ eyín rárá. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti pọ́n, ó ti wú. Wọ́n wá ní kí wọ́n padà máa fọ̀ ọ́, nígbà tó sì fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, èrìgì ti bọ̀ sípò. Ìwádìí yẹn ti pẹ́, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń rántí bí èèyàn bá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ èrìgì jẹ́ ti ìdílé àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni àwọn wọ̀nyẹn fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ti fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo bá ní kòkòrò, mi ò sọ ti èyí tí àwọn kan ń yọ nínú eyín lójú ọjà, tí wọ́n ń nà án sókè kí èrò lè rí i. Mo ti la eyín tí a yọ sí méjì rí lójú obìnrin kan tó ní àfi kí n fi kòkòrò inú rẹ̀ han òun. Ihò dúdú ló bá níbẹ̀, tí inú rẹ̀ rọ̀ bíi wàràkàṣì. Kò sí ẹ̀dá kankan tó ń rìn. Ẹni tó ń yọ kòkòrò eyín lójú ọjà, láti ilé ló ti gbé e wá.

Ó yá, ká wá sọ ti pákò.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni bú u, torí èmi náà máa ń fi fọnu láàárọ̀ Sátidé. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti gbà pé kí àwọn tó ní in nítòsí máa lò ó. Àwọn onímọ̀ wa ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń yẹ omi ara orin ata àti àwọn igi míì wò láti nǹkan bí ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ohun tó ń dá kòkòrò ẹnu lọ́wọ́ kọ́ wà nínú wọn. Pákò Ìjẹ̀bú tó kún agbègbè wa yìí náà kì í ṣe igi lásán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí màmá ṣe lò ó. Ó dá mi lójú pé wọn kì í ṣe é ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú bí àwa ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gba ẹnu kọjá. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń gbálẹ̀ títí omi á fi hó lórí iná ni pákò máa ń wà lẹ́nu wọn. Wọ́n á rún un, wọ́n á tutọ́, wọ́n á tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu kí wọ́n ráyè bá ọmọ wí, wọ́n á tún fà á padà. Ìdajì wákàtí lè kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì dání tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní kọ̀wé sí mi.

Lẹ́yìn èyí, kí ni wọ́n jẹ lé e? Ìkọ́kọ́rẹ́, èbà, iṣu, ewédú, ẹja. Àwọn ohun dídùn máa ń wá lọ́jọ́ ọdún tàbí lọ́jọ́ tí ará òde bá kó o wálé. Lẹ́yìn oúnjẹ, omi ni. Ẹnu wọn ń sinmi láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, orí ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí ni mo sì fẹ́ gbé gbogbo ìdáhùn mi kà.

Ẹ̀kẹta wà tí a kì í fẹ́ sọ. Àwọn tó fi pákò dàgbà tí eyín wọn ti ká tán kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, a kì í fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Nínú àwọn ẹgbẹ́ màmá, èèyàn mélòó ni wọ́n ń gún ẹran fún lódó kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́? Àwọn náà, pákò ni wọ́n lò.

Pákò mọ iwájú eyín fọ̀ dáadáa. Ibi tí kì í sábà dé ni ẹ̀yìn eyín tó kọjú sí ahọ́n, àti àwọn eyín ńlá tó wà nínú lọ́hùn-ún tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ sì ń wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ bí ẹni tó ń fi ayùn gé igi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹsẹ̀ eyín á jẹ wọnú, omi tútù á máa ta á. Ohun mìíràn tí pákò kò ní tó ni èròjà tí wọ́n ń pè ní fluoride, tó ń jẹ́ kí ara eyín le sí ohun kíkan, tó sì ń tún ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàjẹ́ ṣe kó tó di ihò. Nítorí náà, ẹ padà sí pákò láàárọ̀ bó bá wù yín, ẹ rún orí rẹ̀ títí yóò fi rọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ inú bí ẹ ṣe ń fọ ìta, kí ẹ sì máa gé orí tí ẹ ti lò dànù lójoojúmọ́. Ti alẹ́, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tó ní fluoride ni o.

Alẹ́ yìí ni wàhálà wa. Yorùbá kì í kí àgbà láàárọ̀ láìfọnu. Ọmọ tó bá sáré wá kúnlẹ̀ láìtíì bu omi sẹ́nu, wọ́n á lé e padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ti àárọ̀ kò ṣe é gbàgbé nítorí pé ojú ń wo ni. Ti alẹ́, ta ló máa bi wá? Bẹ́ẹ̀, itọ́ tó ń ṣọ́dẹ ẹnu ní ọ̀sán máa ń gbẹ dà nù bí a bá sùn. Èérún búrẹ́dì tó há sí àárín eyín yín ní aago mẹ́wàá alẹ́ á wá ní wákàtí méje gbáko láìsí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló yẹ ká máa fọnu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fipá mú mi pé kí n mú ẹyọ kan, ti alẹ́ ni màá mú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn àgbà kan.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ soft sí lára ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó le. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí irun rẹ̀ wọ ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, bí ẹni fi ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀ gbá igun yàrá, kí ẹ wá máa mì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kan kí ẹ tó sún síwájú. Ìṣẹ́jú méjì fún gbogbo ẹnu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún nísàlẹ̀ yẹn, torí pé ibi tí a bá bẹ̀rẹ̀ la máa ń fọ̀ dáadáa jù. Ọṣẹ tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ rí fluoride àti iye rẹ̀; láàárín 1000 sí 1500 ppm la ń wá fún àgbàlagbà. Ti òórùn sánsán yẹn, òórùn kì í fọ eyín. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, kí ẹ má wá fi omi ṣan ẹnu ṣàṣà tẹ̀lé e. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù sí ara eyín sùn síbẹ̀. Ìdí tí a fi rà á nìyẹn.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sá. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún jù. Ẹ kò kọ ohun tí ẹ ń jẹ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti ra ẹja ní Olúwo tó láti mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá mo ṣì í. Tíì oníṣúgà mẹ́rin àti búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, torí pé àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Suwíìtì dúdú-àti-funfun yẹn nígbà tí èéfín bá há ọ̀fun. Míńírà kan láago mọ́kànlá, tí ẹ ó máa fẹnu kàn díẹ̀díẹ̀ láàárín oníbàárà kan sí òmíràn títí á fi di aago kan. Gàrí oníṣúgà lọ́sàn-án. Suwíìtì míì. Pọ́fù-pọ́fù nírọ̀lẹ́. Mọ́ọ̀tì nídìí tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà méje nìyẹn. Iye ìgbà yìí ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó wo bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó. Bí ṣúgà bá wọ ẹnu, àwọn kòkòrò inú ìdọ̀tí eyín á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á sì yàgbẹ́ ohun kíkan sára eyín. Bó bá kan dé ìwọ̀n kan, tí àwa ń kà sí nǹkan bí 5.5 lórí òṣùwọ̀n pH tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, ara eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ á wá dé, á fọ kíkan náà dànù, á sì dá èròjà padà sí ara eyín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ń gbà á ní nǹkan bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan. Ẹni tó bá lá ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan, itọ́ rẹ̀ á tún un ṣe. Ẹni tó lá a ní ìgbà méje ti fi wákàtí mẹ́rin, márùn-ún fún kíkan lójoojúmọ́. Míńírà tí a fi wákàtí méjì mu tún burú ju èyí tí a gbé dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò kan náà ni. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń bá wí. Àwa oníṣègùn eyín ti rí i pé ti ohun jíjẹ náà wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa jẹ ohun dídùn, ẹ jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, kẹ́nu tó tún sinmi. Ẹ mu míńírà yẹn pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ mu ún tán, kí ẹ sì fi omi tẹ̀lé e. Láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ̀pà, àgbọn, ìgbá tàbí kùkúńbà ni kẹ́nu máa rún. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ kòkòrò, jíjẹ wọn sì ń mú itọ́ sun. Fún ọ̀fun tí èéfín há, ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Suwíìtì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, torí pé ṣe ló ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Apá ibo ni ẹ máa ń fi í sí? Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ẹ ti dá ara yín lóhùn.

Ti ìwọ̀n náà: láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ṣúgà tí à ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu àgbàlagbà má ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ lóòjọ́, bó bá sì lè tó ìdajì èyí nìkan, ó sàn jù. Ẹ yí ìgò míńírà onísẹ̀ǹtílítà 50, ìyẹn mililítà 500, sẹ́yìn kí ẹ kà á. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 sí ìwọ̀n mililítà 100, ìgò ẹyọ kan yẹn ti gba gbogbo gíráàmù 50 ọjọ́ náà tán.

Ẹ má lọ sọ ní Ẹ̀pẹ́ pé dókítà ní kí ẹ yé mu gàrí. Wọn ò ní jẹ́ kí n gba Ìtòkín kọjá mọ́. Gàrí Ìjẹ̀bú kan fúnra rẹ̀, dídùn rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá pọn ọ́n, kí ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù, kí ẹ fi ẹja àti ẹ̀pà jẹ ẹ́, kí ẹ sì mu ún tán níjòókòó kan. Kí abọ́ má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti aago méjì di aago mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa ṣí i bù. Àgbálùmọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bí eyín bá ti ń kan yín lẹ́yìn ìkẹ́ta, ìkẹ́rin, ara eyín ló ń sọ fún yín pé kíkan náà ti wọ òun. Ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ sì dúró tó wákàtí kan kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, torí pé òde eyín máa ń rọ̀ díẹ̀ lásìkò yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á sì ha á lọ.

Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ẹja pọ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn kékeré tí a ń jẹ tegungun-tegungun ní kálísíọ́ọ̀mù tó ń gbé eegun àgbọ̀n ró, eegun yìí ló sì di eyín mú. Ewébẹ̀, ata tútù àti gúáfà ní fítámì C, tí èrìgì ò lè ṣe láìsí i.

Àmọ́ ẹja náà ní ti ẹ̀. Ọkùnrin awakọ̀ ojú omi kan wá bá mi, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó ti lo oògùn tí wọ́n tà fún un ní kẹ́míìsì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wú, ó ń fọn, ó tún ń wú. Mo tan iná wo àárín eyín méjì tó kángun sí ẹ̀yìn lókè. Èrìgì ibẹ̀ yọ gọngọ síta bí ẹyọ àgbàdo, ó pọ́n bí ata rodo. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọyún yọ. Mo fi irin tín-ín-rín wọ abẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ha irin náà. Egungun ẹja ni, kò gùn ju orí èékánná lọ, ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Mo gbé e sórí òwú, ó wò ó títí, ó ní, “Dókítà, obòkún ni. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi ni mo jẹ ẹ́.” Mo bi í pé nígbà wo nìyẹn. Ó ní ọmọ náà ti ń jókòó.

Nítorí náà, àárín eyín náà ń fẹ́ ìtọ́jú, búrọ́ọ̀ṣì kì í sì í dé ibẹ̀, pákò kì í dé ibẹ̀. Òwú ìfọyín tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ló dára jù, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, kẹ́ ẹ máa fà á gba ẹ̀gbẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan láìgé èrìgì. Bí igi ìtayín bá ni ẹ máa lò lọ́jà, ẹ rọra. Abẹ́rẹ́, píìnì àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ kì í ṣe ohun èlò ẹnu.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde, tàbí tí ahọ́n ti ń bá ohun líle pàdé lẹ́yìn eyín iwájú bí mo ṣe sọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó ní ẹ̀ka eyín kí wọ́n ha á kúrò. Scaling ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sọ fún yín lọ́jà pé ó máa ń mú eyín mì, pé ó máa ń dá àlàfo sílẹ̀. Àlàfo náà ti wà tẹ́lẹ̀. Òkúta ìdọ̀tí ló dí i, tó sì ń jẹ èrìgì lábẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan fẹ̀sùn kàn mí pé mo fún òun ní èéjí lọ́jọ́ ogbó. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ wọ́n.

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú kí èrìgì bàjẹ́ kíákíá, èrìgì tó bàjẹ́ náà sì ń jẹ́ kó ṣòro láti kápá ṣúgà. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn, torí pé àwọn kan bíi amlodipine lè mú kí èrìgì wú bo eyín. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Bí ẹ bá ń fín aṣáà, ẹ sọ èyí náà. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí ibà bá dé sí i, tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì dáadáa, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì fi ògógóró tàbí àsípírìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń jó èrìgì ni.

Ẹ kò sọ bí àwọn ìbejì ṣe dàgbà tó. Bí wọ́n bá ṣì ń lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ tan iná wo ẹ̀yìn ẹnu wọn. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé ọ̀kankan ká kó tó yọ. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé ó máa ká tó bá yá. Kì í ká. Òun ni wọ́n máa fi jẹun dọjọ́ ogbó, bí ihò bá sì lu ú lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, òmíràn ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ìdì pákò ojú fèrèsé. Ó ti lé ní oṣù mélòó kan tó ti wà níbẹ̀. Ó ti gbẹ, eruku ti bà lé e, bóyá aáyán ti ń rìn lórí ẹ̀. Ẹ má fi kan ẹnu. Bó bá jẹ́ pákò ni ẹ fẹ́, ẹ ra tútù, èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ìwọ̀nba tí ẹ lè lò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti màmá, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí.